Rọ́bà àti Ọ̀pá Sàn Ju Oògùn Agbára Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ a-bí-dí. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ ìwé nínú ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn. Ó kàn mí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè jókòó ti ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ń di etí tábìlì mú kí ó tó lè dìde. Ìyá tí ó ti ń ta ẹ̀kọ láti àárọ̀ ń fi ọwọ́ ti ìbàdí títí ẹ̀kọ́ fi parí. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe sí i, ìdáhùn méjì ni a sábà ń gbọ́. Àwọn kan ń mu sódàbì. Àwọn kan ń ra oògùn oníhóró lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ọ̀nà kẹta wà, kò sì ní ná wa ní owó púpọ̀. Rọ́bà àti ọ̀pá ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oògùn náà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Tramadol. Oògùn gidi ni. Ilé ìwòsàn ni a ti ń lò ó fún ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà dé ọpọlọ. Ó ti rẹ ẹni tí ó mu ún, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀. Ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sinmi, kò gbọ́. Yóò kọ ebè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò gun alùpùpù títí di òru, yóò sì máa sọ pé òun ti ní agbára. Kì í ṣe agbára. Gbèsè ni ó jẹ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ara yóò wá gba owó rẹ̀. Oògùn kan yóò di méjì, méjì yóò di mẹ́rin, ẹni náà kò sì ní lè jí dìde mọ́ láì mu ún. Ẹni tí ó bá mu ún ní àmujù lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí wárápá mú, èémí rẹ̀ sì lè dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti àwọn tí ń ta oògùn láìgbàṣẹ, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú ẹrù wọn. Síbẹ̀ òwò náà kò kú tán. Kọ̀rọ̀ ni ó sá lọ.

Ti sódàbì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ń gbóná ní ọ̀fun, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun lè dá gbé àpò àgbàdo. Ẹ ní kí ó gbé e.

Níbo wá ni agbára ń gbé? Inú iṣan ni. Iṣan tí mo ń wí yìí ni ẹran pupa tí ó bo egungun wa, tí ń fa egungun nígbà tí a bá fẹ́ rìn, tí a bá fẹ́ dìde, tí a bá fẹ́ gbé nǹkan. Ìwà rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí a bá fún un ní iṣẹ́ tí ó le díẹ̀ ju èyí tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, tí a wá jẹ́ kí ó sinmi, tí a sì jẹun dáadáa, yóò tún ara rẹ̀ mọ, yóò le sí i. Bí a kò bá fún un ní iṣẹ́, yóò máa joro. Bí ènìyàn bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, iṣan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọjá ọgọ́ta, yóò máa yára. Ní ọdún 1989, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Irwin Rosenberg, fún àìsàn yìí ní orúkọ tí ó fà yọ láti inú èdè Gíríìkì: sarcopenia, èyí tí ó túmọ̀ sí àìtó ẹran ara. Ẹ má ṣe há a sórí, n kò ní bi yín nínú ìdánwò. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọn àgbà wa kì í kàn ṣàdédé ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ wọn ti ń padà lẹ́yìn wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tí ó kíyè sí i.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà. Ní ọdún 1990, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maria Fiatarone, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ìwé nípa iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àgbàlagbà 10 ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn wọ̀nyí ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù tí ó wúwo, kí wọ́n sì máa fi kún un bí ara bá ṣe ń gbà á, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni 9 ni ó ṣe é dé òpin. Tí a bá da gbogbo wọn pọ̀ ṣírò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé kílò 10 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ń gbé nǹkan bí kílò 27 nígbà tí wọ́n parí. Ẹni 90 ọdún ni mo wí o. Kí ni ẹni ogójì ọdún ní láti sọ?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Olùkọ́, ti oko wa ti tó." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì ní fi ọwọ́ bò ó. Ẹni tí ó kọ ebè láti àárọ̀ dé ọ̀sán ti ṣe iṣẹ́ ju ẹni tí ó fa rọ́bà fún ìdajì wákàtí. Bí ẹnìkan bá wá láti ìlú ńlá tí ó ń kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ agbára, kí a fún un ní ọkọ́ ná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ oko dáadáa. Èkù ọkọ́ wa kúrú, iwájú ni ó ń tẹ̀ wá sí. Ọ̀dọ̀ ara wa ni a ń fa ilẹ̀ sí láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò sí ìgbà tí a ń ti nǹkan kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sí ìgbà tí a ń na apá sókè kí á fi gbé ara wa. Obìnrin tí ń pọn omi, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń ru gbogbo ẹrù náà. Apá kò ṣe ju kí ó di etí báàfù mú. Nítorí náà, ibì kan nínú ara le bí òkúta, ibi kejì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ibi tí ó rọ̀ náà ni ìrora ti ń wọlé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ jù mí lọ. Bí ẹ̀rùn bá dé, ọkọ́ yóò sinmi. Àwọn mìíràn yóò wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta láì ṣe iṣẹ́ líle kan. Iṣan yóò tú. Lẹ́yìn náà, òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì sáré lọ sí oko lọ́jọ́ kan náà, bí ẹni pé àná ni wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni a ń gbọ́ "ẹ̀yìn mi o" ní gbogbo agboolé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn olóògùn ń tà jù. Ìdí kan pàtàkì tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rọ́bà nìyẹn. Ẹni tí ó bá fà á ní ẹ̀rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òjò kò ní bá a ní ẹni tí ara rẹ̀ ti tú.

Àwa tí kì í ṣe àgbẹ̀ ńkọ́? Aránṣọ tẹ orí lé ẹ̀rọ rẹ̀ láti òwúrọ̀. Oníṣòwò jókòó ti àtẹ. Zémìjàn jókòó lórí alùpùpù, ọ̀nà gbágungbàgun sì ń gbo ìdí ẹ̀yìn rẹ̀. Olùkọ́ náà dúró ti pátákó. Iṣẹ́ ń rẹ̀ wá, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú agbára. Ènìyàn lè jókòó títí kí ó rẹ̀ ẹ́, kí iṣan rẹ̀ má sì ṣe nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OMS, sọ ní ọdún 2020 pé ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tí ń mú gbogbo iṣan ńláńlá inú ara le. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65, wọ́n ní kí ó máa ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ 3, kí ó sì máa kọ́ bí ẹsẹ̀ yóò ṣe dúró ṣinṣin, kí ó má baà ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti rọ́bà. Rọ́bà tí mo ń sọ ni èyí tí ó ń wà nínú táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ti alùpùpù, tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí ó bá ti jó ju ohun tí a lè lẹ̀ lọ, ẹni tí ń lẹ táyà a máa sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni kí ẹ lọ tọrọ. Ẹ gé ibi tí ẹnu afẹ́fẹ́ wà kúrò, nítorí irin ni, ó lè ya ọwọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kì í ṣe kpayó, kì í ṣe ti ilé epo, nítorí epo a máa jẹ rọ́bà. Ẹ má sì fi í sí oòrùn. Ti kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín, ó fúyẹ́. Ti alùpùpù le jù ú lọ. Ti mọ́tò, a ní láti fi ọ̀bẹ là á ní gígùn, kí ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ẹni tí yóò lè fà á.

Kí ni rọ́bà fi dára? Ẹ rántí bí a ti ń fa omi nínú kànga. Bí kété omi bá jẹ́ kílò 10, kílò 10 náà ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó fúyẹ́. Bí ó ti ń gùn ni ó ń le. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára yóò fà á dé ibi tí ó mọ. Bí ó bá di oṣù tí ń bọ̀, yóò sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, rọ́bà kan náà yóò di rọ́bà mìíràn fún un. Kò ní ra ẹrù tuntun. Bí ó bá sì ń dá a padà, kí ó máa rọra dá a padà. Ìdápadà náà jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan. Ẹni tí ó ń jẹ́ kí rọ́bà já a gbà kúrò lọ́wọ́ ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Ọ̀pá jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni ọ̀pá ẹrù. Igi líle tí ó gùn tó ìwọ̀n apá méjèèjì bí a bá nà wọ́n ti tó. A ó so ike omi kan mọ́ orí kìíní, a ó so èkejì mọ́ orí kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìṣirò, ẹ gbọ́: lítà omi 1 jẹ́ kílò 1. Bí a bá bu lítà 2 sí ìhín, tí a bu lítà 2 sí ọ̀hún, kílò 4 ni, láì ka igi. Bí ike bá jẹ́ olólítà 5, tí méjèèjì sì kún, kílò 10 nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ní owó ń ra irin olówó gọbọi láti ìlú òkèèrè, kí wọ́n lè fi kílò lé kílò. Omi kànga ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà rí i pé omi ìhín àti ti ọ̀hún dọ́gba.

Ọ̀pá kejì ni ọ̀pá ìdìrọ̀. Òpó igi tíìkì méjì ni a ó rì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, a ó wá fi páìpù irin dábùú wọn ní òkè. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe kọnkéré kò dára fún un, yóò tẹ̀. Kí olórí ìdílé tí ó wúwo jù kọ́kọ́ dìrọ̀ mọ́ ọn kí àwọn ọmọdé tó dé ibẹ̀.

Ní báyìí, kí ni a ó máa ṣe? N kò fẹ́ kó ohun púpọ̀ jọ fún yín. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun mẹ́wàá kì í ṣe é ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Kí àga náà ga dé orúnkún, kí ó fara ti ògiri. Ẹ ká apá méjèèjì lé àyà. Ẹ dìde tán, ẹ jókòó, ẹ tún dìde, láì fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó dà bí eré, àbí? Ẹ lọ dán an wò pẹ̀lú baba yín. Àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ń fi èyí yẹ àwọn àgbà wò: wọ́n ń ka iye ìgbà tí ẹni náà lè dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, èyí tí í ṣe ìdajì ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin tí ó wà láàárín ọdún 60 sí 64, bí kò bá lè dìde tó ìgbà 14, tàbí obìnrin ọjọ́ orí kan náà tí kò lè dìde tó ìgbà 12, wọ́n gbà pé ó wà nínú ewu ìṣubú. Ohun tí a fi ń yẹ ẹsẹ̀ wò yìí náà ni a fi ń wo ẹsẹ̀ sàn. Ẹni tí ó ṣe mẹ́fà lónìí, kí ó ṣe mẹ́fà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó máa sinmi láàárín. Bí ó bá ti rọrùn fún un, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, kí ó gbé orí rẹ̀ méjèèjì dé èjìká, kí ó máa dìde bí rọ́bà ṣe ń fà á sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fífa rọ́bà sí ikùn, nítorí pé àìsàn ẹ̀yìn àwọn aránṣọ àti ti zémìjàn ni ó ń bá jà. Ẹ so rọ́bà mọ́ òpó tí kò lè mì, ní ọ̀gangan ikùn. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ilẹ̀kùn, ẹnìkan lè ṣí i. Ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ sún sẹ́yìn títí yóò fi le díẹ̀. Ẹ gbé àyà sókè. Ẹ wá fa ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, kí egungun èjìká méjèèjì sún mọ́ ara wọn ní ẹ̀yìn, bí ẹni tí ó fẹ́ fi wọ́n gé okùn. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ rọra dá a padà. Ẹni tí ó ti tẹ̀ síwájú láti àárọ̀, ara rẹ̀ yóò sọ fún un pé ibi tí òun ti ń retí nìyí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ẹ̀yìn sí òpó, kí ẹ máa ti rọ́bà náà síwájú láti àyà. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Ọ̀pá ẹrù ni a fi ń kọ́ bí a ti ń gbé nǹkan nílẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹni tí ń gbé àpò. Ẹ dúró ti ọ̀pá, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣẹ́ orúnkún díẹ̀, kí ẹ̀yìn tọ́ bí pátákó. Ẹ di ọ̀pá mú, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ sì dìde. Ẹsẹ̀ àti ìdí ni kí ó gbé e. Ẹ̀yìn kàn ń dúró ni. Àwọn aláàárù tí ó gbọ́n mọ èyí, kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ilé ìwé.

Ti ọ̀pá ìdìrọ̀, ẹni tí kò bá lè fa ara rẹ̀ sókè, kí ó kàn dìrọ̀, kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé mẹ́wàá. Bí ó bá fẹ́ fà á, kí ó so rọ́bà ńlá kan mọ́ ọ̀pá náà bí òrùka, kí ó ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Rọ́bà yóò bá a gbé lára ẹrù ara rẹ̀. Bí agbára ti ń pọ̀ sí i, yóò máa lo rọ́bà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, títí ọjọ́ tí kò ní lò ó mọ́.

Ibí yìí ni ìwé kíkọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1945, nígbà ogun àgbáyé kejì, dókítà ológun kan ní Amẹ́ríkà, Thomas DeLorme, kọ̀wé nípa bí ó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́. Kò ní kí wọ́n máa sinmi lórí ibùsùn. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ náà gbé ẹrù wíwúwo, kí wọ́n ka iye ìgbà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì máa fi díẹ̀ kún ẹrù náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n yára sàn. Àṣírí gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: kí ti ọ̀sẹ̀ yìí ju ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lọ díẹ̀. Ta ni ó sì lè mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí ojú ìwé yín. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ kọ iye ìgbà, ẹ kọ iye lítà omi tàbí iye ìṣísẹ̀ tí ẹ fi jìnnà sí òpó. Nọ́ńbà tí ẹ ń kọ lórí pátákó ti di ti yín nìyẹn.

Mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ UNESCO láti ọdún 2008. Ẹni tí ó gbé igi lórí, tí ó di aṣọ lé aṣọ, tí ó so irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn, ṣé ọjọ́ ọdún ni ó bẹ̀rẹ̀? Àwọn baba wa tí wọ́n ń jìjàkadì, ṣé wọn kò dán ara wọn wò kí wọ́n tó bọ́ sí agbo? Ọjọ́ tí a fi ń fa rọ́bà ni ó jẹ́ tuntun. Ìdánrawò kò tuntun.

Àwọn kan tún ní kò yẹ obìnrin, pé yóò sọ wọ́n di ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Ní ọdún 1861, àlùfáà Kátólíìkì kan, Francesco Borghero, rí àwọn obìnrin ọmọ ogun ọba Dahomey ní Abomey bí wọ́n ti ń gun òkìtì igi ẹlẹ́gùn-ún láì wọ bàtà, fún ìdánrawò. Àwa ará Kétu kò lè sọ pé a kò mọ irú wọn. Ogun Dahomey ni ó fọ́ ìlú wa ní ọdún 1886. N kò yin ogun. Ohun tí mo ń sọ ni pé obìnrin ni wọ́n, ìdánrawò ni ó sì fún wọn ní agbára. Ìyá tí ń ru báàfù omi lójoojúmọ́, tí ń pọn ọmọ, tí ń gún iyán, ṣé ẹrù ni kò yẹ ẹ́, àbí agbára tí yóò fi rù ú?

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ o. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, aláboyún, ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìpẹ́, kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sé èémí nígbà tí ó bá ń gbé nǹkan. Kí ó máa mí jáde bí ó ti ń gbé e, kí ó mí wọlé bí ó ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a máa wo rọ́bà kí a tó fà á, nítorí rọ́bà tí ó ti sán lè já, kí ó sì na ènìyàn lójú. Bí iṣan bá ń ro wá ní ọjọ́ kejì, ìyẹn kò burú. Bí oríkèé bá ń dùn, tí ó wú, ìyẹn burú. Kí a má sì ṣe iṣan kan náà ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn. Ọjọ́ ìsinmi ni ó ń le.

Ti oúnjẹ, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, sóyà àti wàgáṣì tí àwọn Fúlàní ń tà ni ó ń mọ iṣan. Àkàsà nìkan kò tó. Owó tí ẹlòmíràn ń fi ra oògùn agbára ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí ó kà á. Yóò rí i pé owó ẹyin ni.

Mo ní ohun kan láti tọrọ lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ zémìjàn, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn. Ní ibùdó yín, ẹ máa ń dúró de èrò fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí ń ta oògùn mọ̀ pé àwọn yóò ti rí yín. Ẹ ri òpó méjì sí abẹ́ igi tí ẹ ń jókòó sí, kí ẹ fi páìpù dábùú rẹ̀, kí ẹ so rọ́bà mẹ́ta mọ́ ọn: ọ̀kan ti kẹ̀kẹ́, méjì ti alùpùpù. Ẹni tí kò bá tíì kan láti gbé èrò, kí ó dìde kúrò lórí alùpùpù, kí ó fà á ní ìgbà mẹ́wàá. Rọ́bà kò ní wọ́n yín. Táyà tiyín ni ó ń jó lójoojúmọ́.